Ọwọ́ Òsì Ọkọ Mi Nígbà Òjò

Ọwọ́ òsì ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. A jọ ń jẹun ní ọjọ́ Àìkú kan, òjò ń rọ̀ sórí páànù, ó na ọwọ́ náà láti fa ife omi sún mọ́ra, mo sì rí i pé ó pupa ju èkejì lọ. Kò pupa dé apá. Láti ẹ̀yìn ìka títí dé ọrùn ọwọ́ nìkan ni, ibẹ̀ ni dúdú ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Ìgàndò, ojú mi kì í fo ìlà. Mo bi í pé kí ló ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ wo?" ó sì fi í sábẹ́ tábìlì.

Ká ní ó sọ pé òun ò mọ̀ ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Fífi tó fi í pamọ́ yẹn ló kó bá a.

Dírẹ́bà ni ọkọ mi. Ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀ fún fẹ́ràn gọ́ọ̀fù, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá irin gbá bọ́ọ̀lù kékeré kiri pápá títí yóò fi wọ ihò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́jọ́ Sátidé, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti lọ. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dé, pápá á di àbàtà, ọ̀gá á gbé ọ̀pá rẹ̀ sílé, ọkọ mi náà á sì máa sun oorun Sátidé rẹ̀ bó ṣe wù ú. Bó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn. Lọ́dún yìí òjò dé, ọkọ mi kò jókòó sílé. Tó bá ti jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó di ọ̀nà. Ó ní mẹkáníìkì ló ń pe òun. Ọkọ̀ tí kì í jìnnà sílé, kí ló ń bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. N kì í ṣe aláriwo. Tí nǹkan bá ń dùn mí, ńṣe ni mo máa ń dákẹ́ sí i. Mo rí i pé ẹrẹ̀ ìdí bàtà rẹ̀ pupa, koríko sì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹrẹ̀ dúdú elépo ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Mo rí i pé ó ń fi ìpara gbígbóná ra ìbàdí kó tó sùn. Lọ́jọ́ kan tó wẹ̀ tán, mo rí i níwájú dígí, ó ń yí ìbàdí sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún. Ta ló ń yí ìbàdí fún?

Obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìpara àti ọṣẹ ló ń tà ní Ìkọ̀tún. N kò sọ nǹkan kan fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló rí ọwọ́ náà nígbà tí ọkọ mi ń bá a gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé, ló bá tẹ̀lé mi wá sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Àǹtí Télọ̀, ọwọ́ bàbá yín yẹn, ìpara ló bó o."

Mo ní ọkọ mi kì í pa ìpara olóòórùn pàápàá, ká má tíì sọ èyí tó ń bó ara.

"Ta ló sọ pé ara rẹ̀ ló ń pa á sí? Ẹni tó bá ń bá obìnrin pa ìpara sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, ọwọ́ ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bó. Àbí èmi tí mò ń tà á lẹ fẹ́ kọ́?" Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi, àwọn ìka rẹ̀ sì pupa lóòótọ́. "Ẹ wò ó, ẹ̀yìn gbogbo Ìkọ̀tún ló wà níbí."

Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ mi ń lò.

"Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun nílé yín, jàre. Ohun téèyàn ò bá fẹ́ kó hàn, òsì ló fi ń ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti rí i nígbà náà pé àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń pa ìpara, ẹ̀yìn ọwọ́ ọkọ mi ló sì pupa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fura kì í ráyè yí aṣọ sódì wo inú rẹ̀.

Nínú ẹbí ọkọ mi, ìyàwó kì í bi ọkọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lójú korojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ìjẹ̀gùn ni à ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá. Tí wọ́n bá sì ti dá sí ọ̀rọ̀ kan, ó ti kúrò ní ti yàrá nìyẹn. Gbogbo ẹbí títí dé Èkìtì ló máa gbọ́, kò sì sí bí tọkọtaya ṣe lè kó o padà. Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo pè wọ́n. Mo ní mò ń mú ọ̀rọ̀ kan bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n béèrè bóyá ọ̀rọ̀ tí àwọn lè dúró gbọ́ ni. Mo ní kí wọ́n jókòó dè é.

Ó wá ku kí n fi ojú ara mi rí i kí n tó fi ẹnu mi sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú náà, ọkọ mi jáde, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀lé tirẹ̀, mo fi agbòjò bojú. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Baruwa, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé kan wọ pápá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá ògiri.

Kò sí obìnrin níbẹ̀. Ọkọ mi dúró síwájú táyà ògbólógbòó kan, ó mú ọ̀pá irin lọ́wọ́, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ẹyọ kan, sí ọwọ́ òsì. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí rẹ̀ mú, tó ń yí i bí ẹni ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìbàdí kọ́kọ́, bọ̀ọ́dà," ọkùnrin náà ń wí. "Ọwọ́ kì í ṣáájú ìbàdí. Ẹ ń gbá a bí ẹni tó ń pa ejò."

Ọkọ mi ju ọ̀pá sẹ́yìn, ó yí, ó na táyà náà bíi pé bọ́ọ̀lù ni. Mo pa agbòjò mi dé. Ìgbà náà ló rí mi.

Kò fi ọwọ́ pamọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fa ìbọ̀wọ́ yọ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ pupa náà sì jáde títí dé ìlà. Oòrùn tó ń mú láàárín òjò ti sun gbogbo apá rẹ̀ yòókù. Ó ní ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó ń ru àpò ọ̀pá fún àwọn olówó ní pápá ọ̀gá òun, ọkùnrin náà ló sì ń kọ́ òun ní gọ́ọ̀fù. Ọ̀gá ń kó lọ sí òkè òkun lẹ́yìn Kérésì, yóò sì ta ọkọ̀. Ní pápá náà, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé. Tí òjò bá dáwọ́ dúró, wọn yóò dán gbogbo ẹni tó bá wá wò. Ìgbà tí àwọn olówó fi ọ̀pá sílẹ̀ ni òun ráyè mú un.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ọ̀gá ń lọ?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ wá ń sọ mẹkáníìkì fún mi."

"Mo fẹ́ rí iṣẹ́ tí màá fi rọ́pò kí n tó sọ èyí tó bọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dára létí, ohun tó sì bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ti mẹkáníìkì náà dára létí. Mo ní kó gbá bọ́ọ̀lù kan kí n rí i. Aláàárù ọ̀pá náà yọ ọ̀kan nínú àpò ṣòkòtò, ó gbé e sórí koríko. Ọkọ mi gbá a. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, n kò rí ibi tó gbà. Mo béèrè ibi tó bọ́ sí, ọkọ mi nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òpó gọ́ọ̀lù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ká etí ìró mi sókè, mo kọrí síbẹ̀. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, pé omi wà nínú koríko. Mo lọ.

Kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Mo wá a títí, mo rí i nínú omi, kò dé òpó rárá, ó sì ti yà sí òsì. Mo mú un padà.

"Kò dé òpó," mo wí.

Aláàárù ọ̀pá ní èmi ló yẹ kí wọ́n fi ṣe adájọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ọkọ mi gba bọ́ọ̀lù náà, ó wò ó.

"Ìbàdí mi ló lọ́ra," ó ní.

Èyí nìkan ni mo gbà gbọ́ lọ́jọ́ náà, torí pé mo ti fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ìdí rẹ̀.

N kò pe ẹ̀gbọ́n pé ọ̀rọ̀ ti tán. Èmi àti ọkọ mi la jọ lọ sí Ìjẹ̀gùn lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ti jókòó dè wá bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe, wọ́n ti bọ́ gèlè. Wọ́n béèrè ta ló ni ọ̀rọ̀. Mo wo ọkọ mi, n kò ràn án lọ́wọ́.

"Èmi ni," ó ní, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Ojú ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí èyí tó pupa. "Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

Kò gbé e kúrò níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀gá rẹ̀.