Omi Lábẹ́ Títì Ìjọba Àpapọ̀

Ilé bàbá mi ní Ìkirè wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ńlá tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Títì ga ju àgbàlá wa lọ, débi pé tí èèyàn bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, táyà ọkọ̀ ló máa ń rí, kì í rí àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Omi òjò tó bá ti òkè àdúgbò wá máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa, á wọ inú ihò kan tí wọ́n fi kọ́ǹkéré ṣe lábẹ́ títì, á sì já sínú odò kékeré tó wà ní òdìkejì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, n kò rí i kí omi dúró sí àgbàlá wa rí.

Ní ọdún kejì tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ wa kúrò lára Ọ̀yọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá tún títì ṣe. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ pupa wá, wọ́n fi gbé etí títì ga, wọ́n sì fi katakata tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá mi lọ wo ẹnu ihò náà. Kò rí i mọ́. Wọ́n ti dí i pa.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, òun sì ni olórí àdúgbò wa. Kì í ṣe aláriwo èèyàn. Ó lọ sí káńsù ní ọjọ́ kejì, ẹnjiníà tó wà níbẹ̀ sì tẹ̀lé e wá wò ó. Ọmọ Ìkirè ni ẹnjiníà náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mo ti rí i. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n gọ́tà inú àdúgbò ni tiwa. Títì yìí, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Tí mo bá fi ṣọ́bìrì kàn án, iṣẹ́ mi ló máa lọ."

"Ta ni kí n wá lọ bá?"

"Ẹ lọ sí Òṣogbo ná, bóyá wọ́n á bá wa dá sí i."

Èmi ni mo bá a lọ. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àpòmù nígbà náà, bàbá mi sì gbà pé ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ nípa ìjọba yóò mọ ilẹ̀kùn tó yẹ ká kàn. Ọ́fíìsì tí wọ́n júwe fún wa ní Òṣogbo ṣì kún fún òórùn ọ̀dà, wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá kúrò lára àwọn àga. Ọ̀gá tó gbà wá fún bàbá mi lómi mu. Ó ní ìpínlẹ̀ kò láṣẹ kankan lórí títì náà, ká lọ bá àwọn ìjọba àpapọ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn. A dé Ìbàdàn, wọ́n ní bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ láti òkè ni àwọn ṣe ṣe é, àwọn kò lè yí nǹkan kan padà àfi tí òkè bá fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ká máa retí.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa bọ̀, mo ṣàlàyé fún bàbá mi. Mo ní wọ́n pín agbára bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo má baà gbé gbogbo rẹ̀ dání. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, bí ológun, ọlọ́pàá, owó títẹ̀ àti àwọn títì ńlá. Àwọn kan wà tí àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ń mójú tó, bí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọjà, gọ́tà àti itẹ́ òkú wà lọ́wọ́ káńsù. Mo là á yé e bí mo ṣe ń là á yé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò rí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ti sún mọ́lé. Nínú gbogbo wọn, ta ni yóò wá kó tó dé?"

Mo yíjú sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Mo ń wo ojú ọ̀run títí a fi dé Ìkirè.

Òjò àkọ́kọ́ kò pọ̀. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú àgbàlá, ó sì fà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èkejì wọ ilé ìdáná. Láti ìgbà náà, tí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, bàbá mi á dìde nídìí ohunkóhun tó bá ń ṣe, á lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ ló ń rò. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti kọṣẹ́, wọn kò lè dá dìde, yàrá ẹ̀yìn tó rẹlẹ̀ jù lọ ni wọ́n sì ń sùn. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ sí yàrá iwájú, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní yàrá tí ọkọ àwọn kọ́ fún àwọn nìyẹn. A fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì wọn ga.

Òjò ńlá náà bá mi ní kíláàsì, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Ó ń lu páànù òrùlé débi pé n kò gbọ́ ohùn ara mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù. Mo fa àwọn ọmọ lé olórí kíláàsì lọ́wọ́, mo sì jáde sínú òjò. Ọlọ́kadà tó wà lábẹ́ igi lẹ́nu géètì ní òun kò lè lọ síbi kankan. Mo ní ìyá àgbà kan wà nínú ilé tí kò lè rìn. Ó wò mí, ó tẹ ọ̀kadà rẹ̀, a sì lọ.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti rí àgbàlá wa. Kì í ṣe àgbàlá mọ́. Omi pupa ni, ó kún láti ara títì dé ara ògiri, àwọn agbada ìdáná ń léfòó lórí rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ti gbé Ìyá Àgbà lé orí tábìlì ní yàrá ẹ̀yìn, ó dúró ti tábìlì náà nínú omi tó dé ìbàdí rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò ṣeé ṣí mọ́, omi ti tì í pa, omi ìta sì jìn jù láti gbé wọn gba ojú fèrèsé. Ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń ṣe làílàhá, ohùn wọn kò yí padà rárá.

Lórí etí títì, àwọn ọkùnrin àdúgbò dúró pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì, bàbá mi wà níwájú wọn. Ọlọ́pàá méjì tí wọ́n rán wá ṣọ́ títì dúró sáàárín wọn àti ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Sájẹ́ǹtì ni ọ̀kan, ìbọn wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Láti apá àríwá ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ ní Ìkirè, ó ń gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹnjiníà káńsù náà wà níbẹ̀ nínú ẹ̀wù òjò.

"Nobody go touch this road," ni sájẹ́ǹtì ń wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Na order. Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ, mo máa mú yín."

Bàbá mi kọjú sí ẹnjiníà. "Ìwọ sọ fún un. Káńsù ló gbé ẹ wá."

Ẹnjiníà ń wo ilẹ̀. "Bàbá, n kò láṣẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò láṣẹ."

Mo bọ́ síwájú. Mo bi sájẹ́ǹtì pé ṣé ó rí fèrèsé tó wà lọ́hùn-ún yẹn, èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó ní òun rí i. Mo ní tí ilé bá wó lé wọn ńkọ́? Òjò ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, ìyẹn ló sì dá jìnnìjìnnì sí mi lára jù, nítorí ìka rẹ̀ wà lára ìbọn.

Ní àkókò yẹn ni ògiri ilé ìdáná wa wó. Kò pariwo púpọ̀, ó kàn jókòó sínú omi. Àbúrò mi ké láti inú yàrá.

Bàbá mi gbé dígà sókè, ó sì gún un mọ́ etí títì.

Sájẹ́ǹtì fa irin ìbọn rẹ̀ kí ọta lè bọ́ sẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn sún sẹ́yìn, èmi náà sún sẹ́yìn, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò gbójú sókè. Ó tún dígà gbé, ó tún gún un. Yẹ̀pẹ̀ náà le, ó ń ṣí ní wẹ́wẹ́. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi, mo sì ń rò pé ibẹ̀ ni ọta máa wọlé.

Sájẹ́ǹtì gbójú wo fèrèsé tí igbe àbúrò mi ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó bá ọlọ́pàá kejì sọ ohun kan ní èdè òyìnbó, àwọn méjèèjì sì bọ́ sójú títì, wọ́n ń dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró. Ìgbà yẹn ni àwọn yòókù tó lọ ti bàbá mi lẹ́yìn. Èmi náà mú ọkọ́. Nígbà tí a kan ẹnu ihò náà, omi fà á ya mọ́ wa lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kó gbé ọkùnrin kan lọ, ó sì gbé lára etí títì dání. Omi àgbàlá wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ lójú wa.

A gbé Ìyá Àgbà gba ojú fèrèsé jáde. Ara wọn tutù, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè. Wọ́n ní kí a wá tẹ̀sùbáà àwọn.

Òjò dá. Sájẹ́ǹtì wá bá bàbá mi. "Bàbá," ó ní, "mo ní láti mú yín lọ."

Mo bú u. Bàbá mi ní kí n dákẹ́. Ó ní kí sájẹ́ǹtì jẹ́ kí òun kírun Àlàásárì, ó gbà. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà títí bàbá mi fi sálámà, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó ba ohun ìní ìjọba àpapọ̀ jẹ́. Alága káńsù fúnra rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, fún un ní àga, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àṣẹ rẹ̀ kò dé àgọ́ náà. Ó ní kódà tí gómìnà bá pe òun láti Òṣogbo, àwọn ọ̀gá òun ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òun máa ṣe. Alága tí àwa fi ìbò wa yàn jókòó ti mi lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó wá wo aláìsàn. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún mélòó kan, mo sì mọ̀ pé kò sí irọ́ nínú ohun tí DPO sọ. Inú mi kò dùn pé mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi sun ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá DPO, n kò bá a sọ òfin. Mo ní kó kàn wá wo ilé wa. Ó wá. Ó rí ibi tí omi dé lára ògiri yàrá ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n mọ́ àyà ara rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí bàbá mi máa lọ sílé, kó máa wá fara hàn ní àgọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbé DPO náà lọ sí ìlú mìíràn. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní òun kò mọ ohun tí bàbá mi ń wá ṣe níbẹ̀, kó má wá mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò dí kòtò etí títì náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Káńsù to àgbá sí i kí ọkọ̀ má baà já sí i, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wá, wọ́n sì fi ihò ńlá méjì síbẹ̀. Ìyá Àgbà kò rí i. Wọ́n ní àwọn kò lè sùn nínú ilé náà mọ́, a sì kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹbí wa ní Ìkirè-Ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Kí wọ́n tó gbé sájẹ́ǹtì náà kúrò ní Ìkirè, ó wá kí bàbá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó ra búrẹ́dì dání. Bàbá mi ní kí n gbé àga wá, mo gbé e wá, mo sì padà sí ilé ìdáná tuntun láìkí i. Mo ń gbọ́ wọn láti ibẹ̀. Bàbá mi bi í léèrè nípa àwọn ọmọ rẹ̀, sájẹ́ǹtì ní wọn kò sí lọ́dọ̀ òun, pé wọ́n wà nílé pẹ̀lú ìyá wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ iṣu, wọ́n sọ̀rọ̀ bí ọ̀nà ilé rẹ̀ ṣe jìn tó. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìbọn nínú àwọn méjèèjì.