Ìwé Tí A Gbọ́dọ̀ Fi Lé E Lọ́wọ́

Òórùn ìwé tí òjò ti pa rí, tí wọ́n wá sá gbẹ, ló kọ́kọ́ pàdé mi ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹjọ́ ní kóòtù kan láàárín ìlú Accra. Ó jọ òórùn àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti tú inú rẹ̀ dànù. Fáìlì ga láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé, wọ́n fi okùn dì wọ́n bí ẹni di igi ìdáná, fáànù kan sì ń yí lókè bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Láti ìta ni òórùn ẹja díndín àwọn oníkẹnkẹ́, àwọn tó ń ta ẹ̀kọ àgbàdo kíkan, ti ń wọlé wá bá wa. Mo dúró sórí ìlà, mo di báàgì mi mọ́ àyà, mo ń wo ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ìwọ tí a jọ ń ta ọṣẹ ní ọjà Tudu láti ìgbà tí a ti wà ní ọmọge, o mọ̀ pé èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ìfura tèmi ti kọjá ti ọlọ́jà. Ó ti di àìsàn sí mi lára.

Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní àdúgbò Madina, ní Accra, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bàbá mi ti kú nígbà náà, èmi àti ìyá mi la kù nínú ilé. Bàbá arúgbó kan wà, ará Labadi, ọmọ Ga tó ni ilẹ̀ Accra, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi láti ìgbà tí àwọn méjèèjì kò tíì ní ìyàwó. Ataa ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn Ga ṣe ń pe àgbà ọkùnrin. Kò jìnnà sí wa, yàrá kan ló háyà ní ẹ̀yìn ọjà Madina. Mo ti ọjà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú bíríkìlà méjì. Wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n sì ti to búlọ́ọ̀kù dé orúnkún. Ògiri náà gé ẹ̀yìnkùlé wa sí méjì, ibi tí a ti ń sá aṣọ àti ibi tí mo ní lọ́kàn láti kọ́ yàrá sí sì bọ́ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ." Ó wọ̀ mí lára bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún mi. Nígbà tí mo bi ìyá mi, kò gbójú sókè kúrò nídìí ẹ̀pà tó ń pa. Ó ní kí n fi bàbá náà sílẹ̀, kí n má bá a jà. Mo bi í ní ìdí, ó kó ẹ̀pà rẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni ìfura mi ti hu. Mo rò pé ọkùnrin yìí ti fi ẹnu dídùn tan opó ọ̀rẹ́ rẹ̀, bóyá ó tiẹ̀ ti mú un tẹ ìka sí ìwé tí kò lè kà. Mo ní màá pè é lẹ́jọ́, kí adájọ́ bá mi bi í léèrè ohun tí ìyá mi kò fẹ́ sọ.

Èmi tilẹ̀ rò pé bí ènìyàn bá ti dé kóòtù, yóò kàn wọlé lọ rojọ́ fún adájọ́ ni. Ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kóòtù ló là mí lóye. Ó ní adájọ́ kì í gbọ́ ti ẹnu ẹnikẹ́ni títí ìwé yóò fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìwé méjì ni: ọ̀kan ni ìwé ìpẹ̀jọ́, tó ń sọ fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń pè é, èkejì ni ìwé àlàyé, tó ń sọ ohun tó ṣe àti ohun tí mò ń fẹ́ kí kóòtù ṣe sí i. Ó bi mí ní orúkọ Ataa, ó bi mí ní ibi tó ń sùn gan-an, ilé wo, ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí wo. Mo rí i pé ọmọ Ga lòun náà, mo wá ń rò ó lọ́kàn pé kí ló fẹ́ fi ibi tí bàbá náà ń sùn ṣe.

Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ataa tan ìyá mi jẹ. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, "Auntie, ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó tàn wọ́n?" Mo ní rárá. Ó ní kí n má sọ ohun tí mo rò, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ló bá kọ ọ́ pé ọkùnrin náà wọ ilẹ̀ bàbá mi, ó mọ ògiri síbẹ̀, èmi kò sì fún un láṣẹ. Ìlà mẹ́ta péré ló gbà. Mo wo ìbínú oṣù méjì nínú ìlà mẹ́ta, ó dà bíi pé ó ti jí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ mi gbé.

Nígbà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé náà tí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà, mo rò pé ó parí. Obìnrin tó wà lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé náà lé olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ aládùúgbò. Ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọn yóò ti ka ọjọ́ mẹ́jọ fún un láti wá fi ìwé sọ pé òun ti gbọ́. Bí kò bá sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí ọdún kan fi pé, ìwé náà yóò kú, àfi kí n wá bẹ adájọ́ kó jí i. Gbogbo èyí ń dún létí mi bí ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ de olè kó lè rí ibi sá gbà. Ta ló gbọ́ rí pé ìwé ń kú?

Akódà kóòtù tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi ọ̀rá di ìwé kí òógùn má bàa bà á jẹ́. Kó tó lọ, á pè mí lórí fóònù pé ọjọ́ báyìí lòun ń lọ. Ó lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní Ataa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ sí Labadi ni. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀kùn wà ní títì, ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti wẹ̀ ṣì tutù. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá oúnjẹ lórí àga, kò bá ènìyàn.

Ẹnìkan ń sọ fún un, èyí dá mi lójú. Láti ọjọ́ náà, mi ò sùn dáadáa mọ́. Bí mo bá jókòó nínú trótró, ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Tudu, màá máa to gbogbo wọn sójú: onítáípù tó mọ ilé Ataa, obìnrin ojú fèrèsé, akódà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo dé kóòtù láìròtẹ́lẹ̀, mo bá akódà àti onítáípù tí wọ́n jọ ń jẹ kẹnkẹ́ nínú abọ́ kan náà. Wọ́n ní kí n wá bá wọn jẹ. Mo ní mo ti yó. Lójú tèmi, mo ti rí ohun tí mò ń wá.

Nígbà tí akódà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo là á mọ́ ọn lójú pé ó ń ta mí fún olùjẹ́jọ́. Kò bínú. Ó jókòó sórí páálí ọṣẹ, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Auntie, mi ò ní nọ́ńbà bàbá yẹn. Ẹ rò ó wò, ta ló ní i?" Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo lè tọrọ àyè lọ́dọ̀ adájọ́ kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn Ataa, yóò sì dà bí ẹni pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Inú mi dùn sí èyí. Mo rò ó bí àwọn aládùúgbò yóò ṣe máa dúró kà á. Ṣùgbọ́n akódà ní kí a tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i ná. Ó ní kí n bá òun lọ láti fi ọkùnrin náà han òun, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ará ilé mi. Bó ṣe sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, mo fura sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a dá, ìyá mi ní òun ń lọ kí aláìsàn kan. Èmi náà ní mò ń lọ sọ́jà. Mo pàdé akódà níwájú mọ́sálásí, a sì rìn gba ẹ̀yìn ọjà. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ni. Ilẹ̀kùn Ataa ṣí sílẹ̀ gbayawu, bàbá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùlé, ó da aṣọ bora, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í, tí gèlè rẹ̀ ti ṣí sẹ́yìn, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́, ni ìyá tó bí mi lọ́mọ.

Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Mo rántí pé gbogbo ìgbà tí akódà bá pè mí, títí kan alẹ́ tó ṣáájú tó pè láti dá àkókò fún mi, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo ti máa ń dáhùn. Fóònù mi a máa pariwo, èdè Twi ni a sì fi ń sọ̀rọ̀, èdè tí ìyá mi gbọ́ jù mí lọ.

Akódà kò mọ̀ wọ́n. Ó yọ ìwé nínú ọ̀rá, ó ní kí n fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹni náà. Ìyá mi dìde. Ó ní, "Má ṣe é. Mo fi ọmú tí mo fún ọ bẹ̀ ọ́."

Ataa fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kó ṣe é. Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń sá bí olè lọ. Mo ti sọ fún ọ pé lónìí, mi ò níí kúrò nílẹ̀."

Mo nawọ́ sí i. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo nawọ́ sí i. Ọwọ́ méjèèjì ni bàbá náà fi gba ìwé, bí ẹni gba ohun tí ọba fi ránṣẹ́. Akódà fi èdè Ga ṣàlàyé ọjọ́ mẹ́jọ fún un, ó kọ àkókò sínú ìwé tirẹ̀, ó kí wa, ó sì lọ.

Nígbà náà ni ìyá mi wá sọ ohun tó fi pamọ́. Kí wọ́n tó bí mi, ìjọba ìgbà náà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde ní Gánà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn Aláta bíi tiwa, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Gánà, ń fi ilé sílẹ̀, wọ́n ń fi ọjà sílẹ̀. Bàbá mi kó kọ́kọ́rọ́ ilé Madina fún Ataa. Ataa kó wọ ibẹ̀. Nígbà tí àwọn kan wá láti gbà á, ó ní ilé òun ni, wọ́n lù ú, kò jáde. Nígbà tí bàbá mi padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó bá yàrá ní gbígbá, ó bá kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi sọ fún un pé ẹ̀yìnkùlé náà jẹ́ tirẹ̀, ọjọ́kọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀. Kò nílò rẹ̀ títí di ọdún tí mo pè é lẹ́jọ́, nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ di opó tí kò sì ní ibi tí yóò gbé. Ìyá mi ló ní kó máa mọ ọ́n. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ fún mi, màá béèrè ẹ̀rí. Ó fẹ́ rọ̀ mí díẹ̀díẹ̀ kí ìwé kóòtù má bàa kan ọwọ́ tó tọ́jú ilé wa.

Mo sì béèrè ẹ̀rí lóòótọ́, níbi tí mo dúró sí gan-an. Mo ní ta ló wà níbẹ̀. Ìyá mi ní, "Èmi." Ta tún ni? Kò sí mọ́. Mo padà sílé láìgbà wọ́n gbọ́ tán, mi ò sì bá ìyá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Mo ń rò ó pé àwọn méjì tó dàgbà lè jọ hun ìtàn kan pọ̀.

Ọjọ́ keje pé, onítáípù pè mí pé olùjẹ́jọ́ ti wá. Ó ní Ataa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pẹ̀lú ọ̀pá, kò mú lọ́yà dání, ó sì ti fi èsì rẹ̀ sílẹ̀. Mo lọ gba ẹ̀dà tèmi. Kò gùn ju ìlà mẹ́ta tèmi lọ. Ó ní òótọ́ ni pé òun mọ ògiri síbẹ̀. Ó ní bàbá olùpẹjọ́ ló fún òun ní ilẹ̀ náà kó tó kú. Ó ní òun kò ní ìwé kankan tí òun lè fi hàn.

Mo dúró nínú òórùn fáìlì yẹn, mo ka gbólóhùn ìkẹyìn náà lọ, mo kà á bọ̀. Mo ti ń retí ìwé ayédèrú, àtẹ̀ka ìyá mi, tàbí ẹlẹ́rìí tí wọ́n rà. Ìwọ náà mọ ọjà, o mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ yàn ọ́ jẹ kì í wá láìmú nǹkan dání. Mo bi onítáípù bóyá ènìyàn lè gba ẹjọ́ rẹ̀ padà. Ó ní ìwé kan wà fún ìyẹn náà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bi mí ní ìdí; ó tẹ̀ ẹ́, mo sì fọwọ́ sí i.

Ògiri náà ga tán báyìí, ọmọ Ataa sì ń gbé lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá náà ti lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́run. Kí n sọ òtítọ́ fún ọ, ọjọ́ mìíràn ṣì wà tí mo máa ń wo ògiri yẹn tí ọkàn mi á ní, ǹjẹ́ bàbá mi sọ ọ́ lóòótọ́? Ju ọ̀rọ̀ ìyá mi lọ, kò sí ẹni tí yóò dá mi lóhùn láéláé, mo sì ti kọ́ bí mo ṣe lè máa bá a gbé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin tí mo rò pé ihò ni wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ de olè, òun ló gbé mi dúró níwájú àgbà kan pé kí n wo ojú rẹ̀, kí n sì fi ọwọ́ ara mi tọ́ka sí i. Ká ní wọ́n bá mi lẹ ìwé yẹn mọ́ ilẹ̀kùn ni, bóyá ǹ bá ti jàre, ǹ bá sì má mọ ẹni tí mo jàre rẹ̀.