Ọláoyè àti Iná Ẹ̀yìn Mọ́tò Ẹgbẹ́

Ní gáréèjì Television ní Kàdúná, kò sí awakọ̀ tí kò mọ Ọláoyè rìwáyà. Ogún ọdún ló fi ń tún iná mọ́tò ṣe níbẹ̀, ogún ọdún náà ló sì fi ń bá ọ̀tá kan ṣoṣo jà. Ọ̀tá yìí kì í ṣe ènìyàn. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ni. Bí fíùsì mọ́tò bá jó, àwọn awakọ̀ a fa bébà yìí yọ, wọn a fi wé fíùsì tó ti kú, iná a sì tún tàn.

Ọláoyè a ní, "Fíùsì ń kú kí mọ́tò yín má baà jó ni. Ẹ̀yin wá jí òkú dìde, ẹ ní kó máa bá iṣẹ́ lọ."

Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a lọ ra sìgá. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í tilẹ̀ mu ún.

Ọkùnrin tó ń tan iná fún gbogbo mọ́tò Kàdúná yìí, àtùpà ló ń tàn sùn nílé. Harriet ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Kudenda, kò lè sùn nínú òkùnkùn láti kékeré. NEPA ì báà mú iná lọ fún oṣù kan, àtùpà Harriet kò gbọdọ̀ kú. Ọláoyè a ní àwọn ẹ̀fọn ní kí òun bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé wọ́n ti ń rí ibi tí wọ́n ń jẹ.

Harriet a ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ yín. Ó kéré tán, mò ń rí yín."

Ní ọdún 1994, tí bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, àìsàn kíndìnrín dá Harriet dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọláoyè gbé ẹ̀kọ lọ bá a ní ọsibítù. Harriet kò fẹnu kan ẹ̀kọ náà.

"Bàbá Àyànfẹ́, mọ́tò ẹgbẹ́ yẹn, ṣé ó ní fèrèsé lẹ́yìn?"

Ọláoyè mọ mọ́tò tó ń sọ. Ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní mọ́tò fáànù funfun kan tí wọ́n fi ń gbé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú lọ sílé. Irin ni gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀sán ì báà pọ́n níta, òru ni nínú ibẹ̀, gílóòbù kan ṣoṣo tó wà lókè kò sì ju ojú ológbò lọ.

"Kí lo fẹ́ fi fèrèsé ṣe?"

"Ẹ dá mi lóhùn ná."

"Kò ní."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ nínú òkùnkùn."

"Ta ló ń gbé ọ lọ síbì kan?" Ọláoyè bínú bí ẹni tí wọ́n jí irinṣẹ́ rẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wá alága ẹgbẹ́ lọ.

Alága náà ni Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sì tíì sọ fún ara rẹ̀.

"Iná?" ni alàgbà wí. "Ọláoyè, láti ọjọ́ tí a ti ra mọ́tò yìí, èrò ẹ̀yìn kankan ò tíì ráhùn."

"Àwọn tó ń jókòó tì wọ́n ló ń ráhùn, sà. Èmi ni mo fẹ́ ṣe é fún ẹgbẹ́."

Alàgbà wò ó títí. "Ó dáa. A ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé." Kò béèrè bí aya ṣe wà. Oore tó lè ṣe nìyẹn.

Hámzàt awakọ̀ ẹgbẹ́, ọmọ Tudun Wada, gbé mọ́tò wá. Ọláoyè mú iná funfun gígùn méjì. Kò gbà kí wọ́n so wọ́n mọ́ wáyà gílóòbù àtijọ́, ó ní wáyà tín-ín-rín tí a bá dẹrù lé, gbígbóná ló máa gbóná. Láti ẹnu bátìrì ló ti fa wáyà tuntun tó nípọn. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an ló fi fíùsì sí. Níbi tí wáyà ti gba ojú ihò irin kọjá, ó fi rọ́bà bọ ihò náà lẹ́nu kí irin má baà gé e. Ó ha ọ̀dà kúrò lára irin kí ó tó de wáyà kejì mọ́ ọn.

"Haba, Ẹ̀gbọ́n!" ni Hámzàt wí. "Ṣé mọ́tò òkú nìyí àbí yàrá ìyàwó? Wáyà yẹn, ẹ jẹ́ kó gba òkè o. Ilẹ̀ ni àpótí ń jókòó sí."

"Àpótí wo?"

Hámzàt wo ojú rẹ̀, ó sì bá a ṣí pákó ilẹ̀.

Ọláoyè fa wáyà gba abẹ́ pákó ilẹ̀. Ó ní bó bá gba òkè, kò ní dára lójú. Ó fi tépù wọn ògiri, ó wọn àjà, ó wọn ẹnu ọ̀nà. Kò wọn ibi tí àpótí ń jókòó sí. Bó bá wọ̀n ọ́n, yóò ní láti mọ bí ẹni tí yóò sùn sínú rẹ̀ ṣe gùn tó, ó sì mọ̀ ọ́n.

Iná tàn, ó mọ́lẹ̀ rekete. Ọláoyè sáré lọ ròyìn fún Harriet. "O lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ níbẹ̀."

Harriet rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ẹ fi fíùsì sí i?"

"Ìwọ náà?"

"Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù yẹn."

Ọjọ́ kẹta ló kú.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n gbéra. Àyànfẹ́, ọmọ wọn tó wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń dúró dè wọ́n. Hámzàt àti Alàgbà wà níwájú, Ọláoyè wà lẹ́yìn pẹ̀lú Harriet àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù méjì, torí wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn rà lọ́nà. Igi ìrókò ni káfíńtà fi kan àpótí. Iná ń tàn bí ọ̀sán.

Wọ́n kọjá ìlú Tegina, mọ́tò já sí kòtò, iná sì kú.

Ọláoyè fọwọ́ lu irin gbàgbàgbà. Wọ́n dúró. Fíùsì ti jó. Ó fi òmíràn tó mú lọ́wọ́ sí i. Kòtò kejì, òun náà jó, òmíràn kò sì sí mọ́. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé e. Ìrókò ti tẹ pákó, pákó ti tẹ wáyà, wáyà ti bó, ó ń kan irin.

"A ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kí n ṣí pákó. Kò ní pẹ́."

"Sọ ta kalẹ̀?" Alàgbà ti bọ́ sílẹ̀. "Àbúrò, a kì í gbé òkú tó ń relé kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibi tó bá ti kan ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò máa pè nílé. Ṣé Tegina lo fẹ́ fi í sílẹ̀ sí ni?"

Hámzàt kàn na ọwọ́. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ló wà níbẹ̀.

Ọláoyè wò ó. Ó gbà á. Ó ti fi í wé fíùsì dé ìdajì kí òórùn bẹntiróòlù tó kọlu imú rẹ̀. Ó tú u, ó ká bébà náà sínú àpò ara rẹ̀.

"Bá mi wá okùn."

Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ó tún fi okùn de àpótí àti kẹ́ẹ̀gì mọ́lẹ̀ gbọin-in, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Oòrùn wọlé. Eruku náà wọlé, kò kan ìlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, Harriet a máa gbálẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

"Má bínú," ni Ọláoyè wí fún àpótí. "Ìmọ́lẹ̀ àti ìmọ́tótó, ọ̀kan la rí nínú méjèèjì."

Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́ nírọ̀lẹ́, ọkùnrin pupa àti àpótí pupa ni àwọn ará ilé rí.

"Bàbá mi, kí ló ṣe yín?" ni Àyànfẹ́ ké.

"Iná mọ́tò ni."

Àyànfẹ́ bọ́ ìborùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àpótí náà láti ẹsẹ̀ lọ sí orí. Ọláoyè kiwọ́ bọ àpò kó wá aṣọ ìnujú bá a lọ́wọ́ sí i. Bébà fàdákà ni ọwọ́ rẹ̀ bà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà sí Television. Ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá, awakọ̀ kan gbé mọ́tò wá, fíùsì rẹ̀ ń dán nínú bébà sìgá. Gbogbo gáréèjì ń retí ìwàásù. Ọláoyè yọ ọ́, ó fi tuntun sí i, kò wí nǹkan kan. Ìdákẹ́ yìí ba awakọ̀ náà lẹ́rù ju ìwàásù lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó ránṣẹ́ pe Hámzàt pé kó gbé mọ́tò ẹgbẹ́ wá. Ó ṣí pákó ilẹ̀, ó fa wáyà tó ti bó yọ, ó sì gbé tuntun gba òkè. Lẹ́yìn náà ló mú tépù.

"Hámzàt, báwo ni àpótí ṣe máa ń gùn tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀, Ẹ̀gbọ́n, bí ènìyàn bá ga." Hámzàt wolẹ̀. "Ti ìyàwó..."

"Tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀," ni Ọláoyè wí. Ó kúnlẹ̀, ó sì wọn ibi tí àpótí ń jókòó sí.