Fóòmù Tó Rọ̀ Jù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ọkùnrin lè fi ìdí rẹ̀ purọ́, kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Àyìnkẹ́ ní Pedro lọ́sẹ̀ Àjíǹde. Àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá kan ló ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn, onítẹ̀bọmi paraku, tí wọ́n máa ń gun báìkì láti Bàrígà lọ ṣọdún nílé. Bí wọ́n bá ti kí ara wọn tán, ọ̀rọ̀ ìdí ló kù. Ẹni tí ìdí rẹ̀ bó lọ́dún tó kọjá á ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìrora. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣágámù tí kò lè nàró á máa kọ́ àwọn yòókù bí a ti ń jókòó. Àyìnkẹ́ á máa rán ìjókòó wọn lọ, á máa yínmú.

Ọdún kejìdínlógún rẹ̀ rèé nídìí iṣẹ́ ìjókòó báìkì. Nígbà tí ọ̀kadà ṣì ń ná Ṣómólú àti Bàrígà, kì í ráyè jẹun ọ̀sán. Látìgbà tí ìjọba ti lé wọn kúrò lójú títì, àwọn tó ń gbé ẹrù kiri nìkan ló kù, àwọn yẹn kì í sì í tún ìjókòó ṣe àfi tí irin bá yọ sí wọn. Iṣẹ́ àwọn mẹ́rìnlá yìí ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró. Lọ́dún yìí ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó o fún Japhet ní Abúlé Òkúta, nítorí Tófúnmi tó jẹ́ olórí wọn ti ṣe tiẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń fi yangàn kiri. Ọwọ́ Àyìnkẹ́ gan-an ni Japhet ti kọ́ṣẹ́. Tí wọ́n bá lọ, kó ti ilẹ̀kùn pa ló kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, wọ́n ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ìmọ̀ràn ń lọ.

“Píọ̀ wọ́tà ni,” ni Wonder wí, ọkùnrin kan tó ń fi báìkì gbé oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ n'Ígbóbì. “Méjì tó ti di yìnyín. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ṣòkòtò.”

“Tó bá wá bẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ sọ pé òjò ló pa yín.”

Ẹnìkan ní pátá mẹ́ta lòun máa ń wọ̀ léra, òun kì í sì í pààrọ̀ wọn títí òun á fi padà s'Ékòó, nítorí wọ́n ti mọ òun lára. Ẹlòmíràn ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni, ife kan gbáko kí wọ́n tó gbéra. Àyìnkẹ́ rántí pé ẹni yìí kan náà ni wọ́n dúró dè lẹ́ẹ̀mẹrin létí igbó ní èṣí. Ọ̀rọ̀ náà rí i lára débi pé ó gbé àkàrà tó ń jẹ sílẹ̀.

“Fóòmù líle ni kẹ́ ẹ lò,” ó ní. “Èyí tó rọ̀ á kẹ́ yín ní Pedro, á já yín jù sórí irin kẹ́ ẹ tó dé Ìbàdàn.”

Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni Tófúnmi dé, ó gbé ìjókòó báìkì rẹ̀ lé èjìká.

“Ìyá Níní, ẹ kú iṣẹ́ o,” ó kí Àyìnkẹ́. “Etí lẹ́dà tí wọ́n fi bò ó yìí ti ya, Japhet ò sì gbé fóònù. Ẹ bá mi tún un rán. Ẹ yẹ inú ẹ̀ wò dáadáa. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe irú ẹ̀ fún wa, gbogbo wa, ọ̀dọ̀ yín la wà. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbòmíì.”

Àyìnkẹ́ gbé e sórí àga, ó jókòó lé e. Ó rọ̀ lóòótọ́. Ó ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ irọ́. Ó dìde, ó mú abẹ, ó tú okùn etí rẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde: òógùn, róòbù, àti ìtọ̀ tó ti gbẹ. Fóòmù náà ti pọ́n, àbàwọ́n sì kún ara rẹ̀. Ìdun kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí onílé. Láàárín, ẹnìkan ti gé ihò kan, ó fi fóòmù mìíràn dí i, ó sì fi okùn àwọ̀n aláwọ̀ ewé rán etí rẹ̀ yíká, kókó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sí ẹlòmíràn tó ń rán bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni.

Ibùsùn Adéjìmí ni, ọkọ rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí ibi ìbàdí rẹ̀ rì, Àyìnkẹ́ ló gé e, tó fi tuntun dí i, tó tọrọ okùn lọ́wọ́ àwọn apẹja létí ọ̀sà nítorí pé okùn lásán máa ń jẹrà. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rán an létí bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wọn: ìyàwó ló ń gbé ibùsùn olóògbé jáde, òun náà ló ń sun ún. Àyìnkẹ́ ò lè ṣe é. Òórùn yẹn ti sú u. Ó bẹ Japhet lọ́wẹ̀ pé kó lọ sun ún létí ọ̀sà, kò sì tẹ̀ lé e. Japhet padà dé, ó ní ó ti jó. Àṣé ńṣe ló ń gé e sínú ìjókòó báìkì.

Àyìnkẹ́ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lé e, ó sì tù ú lára.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò fi ìkankan pamọ́. Tófúnmi fi ọwọ́ nu ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn yòókù sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà Tófúnmi fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà, ó ń wò ó bó ṣe ń wú padà.

“Mummy,” ó ní, “ṣé ẹ ò kàn ní fọ̀ ọ́ ni? Ẹ da dẹ́tọ́ọ̀lù sí i. Kò kúkú sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí wa. Ẹ bá mi rán an padà, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ àwọn tó kù lọ.”

Kò sí ẹni tó ta kò ó. Wonder tilẹ̀ ní kí wọ́n gbàdúrà sí i.

Àyìnkẹ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìríra wọn mú un. Ó yẹ kó bú wọn, ẹnu rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ bú? Japhet jẹ́ ọ̀bàyéjẹ́, àwọn wọ̀nyí ò nítìjú, òótọ́ ni. Èwo wá ni ti ẹni tó gbé ibùsùn ọkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn nítorí pé imú rẹ̀ ò gbà á? Ara rẹ̀ ló rí i lára jù.

“Ẹ kó ìjókòó yín,” ó ní. “Ẹ máa lọ bá Japhet.”

“Ìyá Níní, iṣẹ́ ọdún kan lẹ̀ ń dà nù yẹn o.”

“Mo mọ̀.”

Ó ju lẹ́dà àti irin sí Tófúnmi, ó gbé fóòmù náà mọ́ àyà, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí etí ọ̀sà Bàrígà. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná. Èéfín dúdú bo ibẹ̀, àwọn tó ń yan ẹja nítòsí di imú mú, wọ́n ń ṣépè. Àyìnkẹ́ sún mọ́ ọn.

“Adéjìmí,” ó ní, “má bínú sí mi.”

Ó dúró nínú èéfín náà títí iná fi kú. Ó mọ̀ pé ibi ìbàdí nìkan lòun sun. Ibi orí àti ibi ẹsẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, lábẹ́ ìdí àwọn tí òun ò mọ̀.