Àwòrán Kan Lójúmọ́ Kan

Òórùn ọ̀dà tí wọ́n fi kẹrosíìnì pò ló máa ń jí mi nílé wa ní Oregbeni, ní ìlú Benin. Kí àwọn ọkọ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora gun òkè Ikpoba, òórùn yẹn á ti gba ojú fèrèsé wọlé. Ọ̀gá Osaro ló ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa. Ará Edo ni, iṣẹ́ pátákó kíkọ fún àwọn onísọ́ọ̀bù ló ń ṣe, àárọ̀ kùtù ló sì máa ń ṣe é, nítorí ó ní bí oòrùn bá ti mú tán, ọ̀dà á gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ará ilé wa ló ń bú òórùn náà. Màmá mi á fi etí aṣọ bo imú. Èmi á máa fà á símú bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sọdá títì, mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń kọ orúkọ onígbàjámọ̀ kan sára pátákó, ó sì ń ya orí ọkùnrin kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Mo dúró títí ó fi ya etí, mo dúró títí ó fi ya irun. Kò lé mi. Nígbà tó ṣe tán, ó na búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí mi, èyí tí irun rẹ̀ ti jẹ tán bí eyín arúgbó, ó wá da ọ̀dà pupa àti dúdú díẹ̀ sínú ìdérí agolo mílíìkì méjì. Ó ní, "Take. Every day, small-small. Na so hand dey learn." Mo gbé e kọjá títì bí ẹni gbé ẹyin.

Òwú, bọ́tìnì, síìpù àti ohun gbogbo tí télọ̀ ń lò ni màmá mi ń tà. Ara páálí kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni wọ́n máa ń rán bọ́tìnì mọ́ kó tó délé wa. Bí ó bá ti tà wọ́n tán lára páálí kan, á ju páálí náà sínú apẹ̀rẹ̀ fún ìdáná. Inú apẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo ti ń ṣa tèmi. Ihò abẹ́rẹ́ máa ń wà lójú páálí, mi ò lè dí wọn, torí náà mo kọ́ bí a ṣe ń fi ihò ṣe ojú ẹyẹ, tàbí fèrèsé ilé tó wà lókèèrè. Kẹ́tùlù wa tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ yà. Lọ́jọ́ kejì, mo ya bàtà bàbá mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo ya ewúrẹ́ aládùúgbò wa tó máa ń sùn sórí àtẹ̀gùn wa bí ẹni pé ó ń san owó ilé. Nígbà tí ọ̀dà Ọ̀gá Osaro tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, epo pupa, èédú, àti omi ewé ẹ̀fọ́ tí mo gún lẹ́yìn ilé ìdáná. Epo kì í gbẹ. Àwọn àwòrán olépo á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, gbogbo ìsàlẹ̀ ibùsùn mi sì ń rùn bí abọ́ ọbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò fo ọjọ́ kan.

Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá mi ní ilé-ìwé girama kan. Bíírò pupa kì í kúrò lápò rẹ̀, kódà lọ́jọ́ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí bọ́ọ̀lù ti sọ di aláìríbi-jókòó: "Ohun tí èèyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń di bárakú." Ìkìlọ̀ ló fi ń ṣe. Èmi tó wà lẹ́bàá ògiri, ìlérí ni mo gbọ́ ọ sí.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìlú onílùú bíi tèmi mọ bí ilé wa ṣe rí. Àwọn òbí wa á bá wa sọ Yorùbá, àwa á fi Pidgin dá wọn lóhùn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń yé mi, títí kan èyí tí wọn ò fẹ́ kó yé mi. Yorùbá kún etí mi, kò sí lẹ́nu mi.

Nígbà tí káàdì ìdánwò wa dé, ipò kẹtàlélógún ni mo ṣe, ìṣirò mi sì burú débi pé bàbá mi bo nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò bí ẹni pé ó ń tì í lójú láti rí i. Ó wọ yàrá wa, ó wo abẹ́ ibùsùn, ó fa páálí ńlá tí mo kó àwòrán mi sí jáde. Ó mú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá ọ̀kan á wù ú. Ó kó gbogbo wọn sínú àpótí onírin rẹ̀, níbi tí ìwé ilẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà, ó tì í, ó ní, "Iṣẹ́ ọ̀lẹ lèyí. Ó tán lónìí."

Kò tán lónìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi èédú ya àpótí náà gan-an, pẹ̀lú àgádágodo rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ ife tíì rẹ̀. Nígbà tó gbé ife sókè, ó rí i. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè, èyí tí n ó yà lọ́la ni mo sì ń rò. Nígbà tí ọ̀la dé, mo ya ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀, tó nawọ́ sókè. Ìyẹn náà wọ àpótí. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi bá a yí báyìí, èmi àti bàbá mi. Èmi ń yà, òun ń tì í mọ́lé, orúnkún mi ń bó. Màmá mi á máa wo àwa méjèèjì bí ẹni tó ń wo àgbò méjì lórí afárá tóóró.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ṣèpàdé ní pálọ̀ wa. Màmá mi ń gbé ẹ̀pà àti mínírà kiri. Lẹ́yìn tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ ìpàdé, Bàbá Alága, arúgbó kan tó ti ń gbé Benin kí bàbá mi tó dé ibẹ̀, béèrè àwọn ọmọ. Bàbá mi pè wá jáde, ó sì ń pín iṣẹ́ fún wa lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà á di lọ́yà. Èkejì á di ẹnjinníà. Nígbà tó kàn mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Dókítà wa nìyí."

Mo ní, "Rárá."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n Yorùbá ló jáde, ó sì fa ìyókù tẹ̀lé ara rẹ̀. Mo wo ojú bàbá mi, mo ní, "Èmi ò ní ṣe dókítà. Àwòrán ni mo ń yà. O kó wọn sínú àpótí, o tì í. Mo fẹ́ kí o dá wọn padà."

Abọ́ ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ màmá mi. Ìyá kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn pariwo, "Háà! Ó pe baba ẹ̀ ní ìwọ!" Kò sẹ́ni tó rántí àwòrán mọ́. Bàbá mi dìde, mo sì ti dijú de ìgbátí, nígbà tí Bàbá Alága na ọ̀pá rẹ̀ dí i lọ́nà.

"Tíṣà, jókòó. Ọmọ tó bá fẹ́ bá baba ẹ̀ jà, kó mọ ẹnu tí wọ́n fi ń bá baba jà." Ó kọjú sí mi. "Kúnlẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Ẹ̀yin là ń pe baba. Tún un sọ."

Mo kúnlẹ̀. Gbogbo wọn ń retí ẹ̀bẹ̀, mo rí i lójú wọn. Mo gbé orí sókè, mo ní, "Bàbá mi, èmi ò ní ṣe dókítà. Àwòrán ni mo ń yà. Ẹ kó wọn sínú àpótí, ẹ tì í. Mo fẹ́ kí ẹ dá wọn padà."

Mo fi ọ̀wọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò yọ ohunkóhun kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi.

Bàbá Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, orí kunkun rẹ lọmọ yìí jogún. Ta lo fẹ́ bínú sí?" Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí àlejò tó kẹ́yìn lọ, ó pè mí sídìí tábìlì, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbàlagbà ṣe àdéhùn.

"Wákàtí kan lójúmọ́, èmi àti ìwọ á jọ ṣe ìṣirò. Lẹ́yìn ìyẹn, ya ohun tó bá wù ọ́, kí o gbé e wá fún mi. Bí o bá fo ọjọ́ kan péré, n ó dáná sun gbogbo èyí tó wà nínú àpótí."

Mo mọ̀ pé ó rò pé á sú mi. Ó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún púpọ̀, ó mọ bí ìtara ọmọdé ṣe ń kú. Màmá mi pè mí sí ilé ìdáná, ó rọra sọ fún mi pé, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Má jẹ́ kó rí ọ mú." Látọjọ́ yẹn, kò ju páálí bọ́tìnì sínú apẹ̀rẹ̀ ìdáná mọ́. Á tò wọ́n jọ, á fi òwú dì wọ́n, á sì gbé wọn sórí ibùsùn mi.

Lójoojúmọ́ ni mo jókòó ti bàbá mi, tí mo bá ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin jà, lójoojúmọ́ ni mo sì gbé páálí kan sí iwájú rẹ̀. Kò yìn ín. Á kàn nawọ́ gbà á, á lọ tì í mọ́lé. Nígbà òjò ni ibà dá mi wólẹ̀. Ọjọ́ kejì ibà náà, mi ò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ní ọ̀sán, mo rántí pé mi ò tíì yàwòrán, mo sì bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi kejì ní òun á bá mi yà á, ta ni á mọ̀? Mo sọ fún un pé bí ó bá fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì mi, n ó bì sí i lára. Màmá mi di páálí mú fún mi, kò di ọwọ́ mi mú. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ búlúù, mo fà á, ó wọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ láti etí kan dé èkejì, ó sì ṣẹ́ kọ́rọ́ níbi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n. Ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe.

Nígbà tí bàbá mi dé láti ilé-ìwé, màmá mi gbé e fún un. Ó wá dúró sẹ́bàá ibùsùn mi. "Kí lèyí?"

Mo ní, "Ibà ni."

Ó wò ó pẹ́. Ó yí i sí ìbú, ó yí i sí òró. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí mi, ó wá jáde lọ. Mo gbọ́ nígbà tí àpótí ṣí, mo gbọ́ nígbà tó padé, mi ò sì gbọ́ òórùn iná.

Ọdún méje la fi ṣe é. Ìṣirò mi dára, mi ò purọ́, ó dára ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Nígbà tí mo kọ "iṣẹ́ ọnà" síwájú orúkọ mi nínú fọ́ọ̀mù yunifásítì, a tún jà fún odindi oṣù kan, pẹ̀lú "ẹ̀yin" lẹ́nu mi lọ́tẹ̀ yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ sí Ekosodin, lẹ́bàá yunifásítì, láti gba yàrá, ó fa àpótí náà jáde, ó ní kí n kó ẹrù mi. Ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan ni ó kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sí pẹ̀lú bíírò pupa. Lẹ́yìn páálí tí mo ya ewúrẹ́ sí, ó kọ ọ́ pé: "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gùn jù." Lẹ́yìn èyí tí mo ya lọ́jọ́ ibà, kò kọ ohunkóhun ju ọjọ́ àti nọ́ńbà lọ. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Èmi náà ò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. A gbé ẹrù sínú takisí.

Mo ti lé lógójì ọdún báyìí. Yàrá méjì ni mo gbà nítòsí Ekenwan Road, ọ̀kan fún sísùn, ọ̀kan fún iṣẹ́, mo sì ṣì ń ya àwòrán kékeré kan lójoojúmọ́. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi. Wọ́n ní ìgbà wo ni n ó ya ńlá. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ kì í níyì. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tiẹ̀ sọ lójú àwọn èèyàn pé eré ọmọdé ni mo ń ṣe, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí títí mo fi délé, nítorí èmi náà wà lára àwọn tó rín in.

Mo mọ àwọ̀ ju ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn lọ. Mo mọ ìdí tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ fi gùn jù. Mo mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kó má dun ẹnikẹ́ni, mo sì ti mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní kí n wá máa ya àwòrán kékeré fún gbogbo yàrá òun, kí gbogbo wọn bá kọ́tìnnì mu, kí n má sì ya ohunkóhun tí ó ní ojú. Mo mọ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ pé mi ò ní ṣe é. Síbẹ̀ mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná, sà." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ àti "ó ń bọ̀, sà."

Lánàá mo pè é. Mo ní mi ò ṣe. Ó ní ṣé mo ti rò ó dáadáa. Mo ní mo ti rò ó.

Ó ti yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ì bá ti sọ ọ́ kí ọkùnrin náà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.