Àgádágodo Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Àká

Ohùn àkọ́kọ́ tí Sìkírátù lè rántí láyé rẹ̀ ni ohùn àgbàdo nínú igbá. Cecilia, ìyá rẹ̀, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú igbá, á gbé e sétí ọmọ náà, á sì mì ín. Bí ohùn náà bá wúwo, omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ti gbẹ, kòkòrò kò ní rí i jẹ.

Ọmọ Ikwerre ni Cecilia, ará Mgbuoba lẹ́yìn ìlú Port Harcourt. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé Sàláwù, ọkọ rẹ̀, wá láti Ọ̀fà. Sìkírátù ń sọ Yorùbá bàbá rẹ̀, ó ń fi pijin nájà, ṣùgbọ́n oko ìyá rẹ̀ ló ń ro. Oko náà ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọkọ tirẹ̀ kú.

Òjò ni ọ̀tá àgbẹ̀ alágbàdo ní Port Harcourt. Nígbà ìkórè, oòrùn kì í ràn fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Àwọn oníṣòwò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé lọ́rì wá sétí oko nígbà tí àgbàdo ṣì tutù, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n á dá lé e, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò hu bí kò bá kúrò nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Èyí ló mú kí ogójì àgbẹ̀ kó ara wọn jọ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967. Wọ́n fi pákó kan àká ńlá kan, wọ́n sì ń fi èéfín mú àgbàdo gbẹ lórí àjà rẹ̀, kó lè dúró de oṣù tí oúnjẹ yóò wọ́n lọ́jà. Sìkírátù ló dábàá pé kí wọ́n fi àgádágodo mẹ́ta sí ìlẹ̀kùn, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má lè dá kó ohun ìní gbogbo wọn jáde. Augustine, àbúrò ìyá rẹ̀, gba ọ̀kan. Dagogo, tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà, gba ọ̀kan. Òun náà gba ọ̀kan.

Nígbà tí ogun wọ ìlú lóṣù karùn-ún ọdún 1968, kálukú sá gba ọ̀nà tirẹ̀. Augustine wọ igbó lápá Aluu. Dagogo kó Sìkírátù àti àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́kọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn tirẹ̀ ní Abuloma. Nígbà tí wọ́n padà, òrùlé àká ti ṣí lápá kan, àjà rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wálé. Wọ́n bo òrùlé, wọ́n gbin àgbàdo mìíràn. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ ọdún 1969, àká ti kún dé òkè.

Ìgbà náà ni Rẹ̀mí Akínbíyìí dé. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó ló rán an, ìwé àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti gbọ́ pé ọmọ Yorùbá ni Sìkírátù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó ní àwọn yóò gbé ẹ̀rọ tó ń mú àgbàdo gbẹ wá, àwọn yóò sì máa ra ohun tí wọ́n bá kórè lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n ṣáà fi àká lé àwọn lọ́wọ́, kí ilé-iṣẹ́ máa pinnu ọjọ́ tí àgbàdo yóò jáde àti ibi tí yóò lọ.

"Màmá, òórùn èéfín ń bẹ lára àgbàdo yín," ni ó wí. "Àwọn tó ń lọ àgbàdo ní Èkó kò ní gbà á."

"Ta ló ní kó lọ Èkó?" Sìkírátù dá a lóhùn. "Ebi ń pa Port Harcourt níbí."

Ní ìpàdé, Augustine kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ibi ogun dé, wọ́n gbẹ bí igi, ilé rẹ̀ sì ń jò. "Sìkí, na key pikin go chop?" ló bi í, bóyá kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ọmọ yóò jẹ, ó sì gbé tirẹ̀ lé tábìlì. Dagogo gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ní èyí tí òun so mọ́ itan nígbà ogun ti dá àpá sí òun lára, kí itan ilé-iṣẹ́ náà gbé e wò. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Sìkírátù nìkan ni kò yọ tirẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ra àgbàdo ní tútù níjelòó náà nìyí, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀.

Kò lọ sí ìpàdé kejì. Ó ní ìpàdé tí kọ́kọ́rọ́ kẹta kò bá sí níbẹ̀, ẹjọ́ àsán ni. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀: láìsí òun, ìlẹ̀kùn kò lè ṣí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ó bá lọ́rì kan tó fẹ̀yìn sí àká. Wọ́n ti lu ògiri ẹ̀yìn di ihò tí lọ́rì lè gbà wọlé. Augustine dúró síbẹ̀, ó ń fa ìṣó tí òun fúnra rẹ̀ kàn yọ nínú pákó, kò sì gbójú sókè. Rẹ̀mí tún dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, a ò fọwọ́ kan àgádágodo yín o."

Òótọ́ ló sọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì há gbagbagba mọ́ ìlẹ̀kùn iwájú. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ogójì ló ti tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ náà ní ìpàdé tí kò lọ. Gbogbo wọn ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó rántí ògiri. Òun tó dá òfin náà gan-an kò rántí. Inú bí i sí Rẹ̀mí, inú bí i sí Augustine, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tó jókòó sílé ni inú bí i sí jù.

Rẹ̀mí bẹ̀ ẹ́ kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ròyìn etí rẹ̀ fún un; kó máa mi àgbàdo fún àwọn, kó máa sọ èyí tó gbẹ.

"Bí mo bá ní kò tíì gbẹ, ṣé lọ́rì yóò dúró?"

Rẹ̀mí wo bàtà ara rẹ̀. "Màmá, lọ́rì kì í dúró."

Obìnrin méjì gbé abọ́ dé láti Abuloma, wọ́n fẹ́ ra àgbàdo bí wọ́n ti máa ń rà á. Ọlọ́dẹ tuntun ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ń tà. Wọ́n bi í pé ọjọ́ wo. Kò mọ̀. Wọ́n wá yíjú sí Sìkírátù.

Ó béèrè ìpín tirẹ̀ nínú àká, wọ́n sì jẹ́ kó kó o. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni. Ìrìn mẹ́ta ló rìn nínú òjò. Kò sẹ́ni nílé. Ó ṣí èèpo àgbàdo kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn, ó fi èèpo náà so wọ́n ní méjì-méjì, ó ń fi wọ́n kọ́ ọ̀pá tó wà lókè ààrò kí èéfín lè mú wọn gbẹ tán. Igi tutù, iná kò fẹ́ jó. Ó fẹ́ ẹ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gun àpótí, ó sọ̀, ó tún gùn ún. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ kẹta ṣófo, ó gbá èèpo tó já sílẹ̀ jọ, ó kó o sídìí iná, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.