Ọkọ̀ Tí Gúnrégé Yóò Kọ́lé Lé Lórí

Ilẹ̀kùn ló sọ Gúnrégé lórúkọ, kì í ṣe ìyá tó bí i. Bí ọ̀gá káfíńtà yìí bá gbé ilẹ̀kùn kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ẹni, onílé kò ní fi èjìká tì í, kò sì ní gbé e sókè kí ó tó pa á dé. Ìka kan ni yóò fi tì í, ilẹ̀kùn a sì lọ bá férémù rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìyàwó tó ń lọ sí ilé ọkọ tó wù ú. Àwọn ará àdúgbò wo èyí títí, wọ́n ní ohun tí ọkùnrin yìí bá ti fọwọ́ kàn ni ó ń gún régé, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà pè é. Nígbà tí ó fi di àgbàlagbà, àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ mìíràn tó ń jẹ́.

Ó ní ọ̀nà kan tí ó ń gbà ṣiṣẹ́, kì í sì í yà kúrò nínú rẹ̀. Kò gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà, nítorí ó ní nọ́ńbà a máa ṣìnà bí ó bá ti ń ti ẹnu bọ́ sí etí. Bí a bá pè é sí iṣẹ́, igi pẹlẹbẹ kan ni yóò mú dání. Yóò gbé igi náà ti ògiri, yóò fi ọ̀bẹ kọ ọ́ ní ibi tí fèrèsé ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, yóò gbé e padà sí ìsọ̀, igi náà ni yóò sì máa bá sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi tán. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ́ ẹ sínú iná. Ó ní ìwọ̀n ilé Lágbájá kò gbọdọ̀ wọ ilé Tàmẹ̀dò.

Agbẹ̀bí ni aya rẹ̀. Obìnrin náà fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún dúró lórí sìmẹ́ǹtì yàrá ìgbẹ̀bí, ó ń fọwọ́ gba ọmọ ọlọ́mọ wá sílé ayé. Nígbà tí ó máa fi fẹ̀yìn tì, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀.

Ìlérí kan wà láàrin àwọn méjèèjì láti ìgbà èwe. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, tí ẹnì kan kì í sùn tán kí ẹnì kejì tó jí, ni Gúnrégé ti sọ pé lọ́jọ́ tí àwọn bá gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, òun yóò wá ọkọ̀ akẹ́rù kan, òun yóò kọ́ yàrá lé e lẹ́yìn, tibùsùn tìdáná, àwọn yóò sì wà á gba aṣálẹ̀ kọjá, wọn yóò gun òkè tí yìnyín bò lórí, wọn yóò dé ibi tí ọ̀nà ti tán sínú òkun. Àwọn ọmọ dàgbà, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí Gúnrégé wá rán aya rẹ̀ létí, obìnrin náà kò jiyàn.

"Mo ń bá yín lọ," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Bàbá wọn. Ọjọ́ tó bá di pé wọ́n ń gbé mi sọ́kọ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, ọjọ́ náà lẹ máa dá lọ."

Gúnrégé rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Òun àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ wá ọkọ̀ lọ. Mẹ́káníìkì ni àbúrò yìí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ayùn lọ. Wọ́n dé àgbàlá fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ńláńlá tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ wọn. Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, mẹ́ta péré ni ó yẹ ní wíwò.

Èkíní tuntun ju àwọn yòókù lọ, inú rẹ̀ ń dán yinrin. Mẹ́káníìkì ṣí ojú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó wo wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀ bí ìfun ewúrẹ́, ó sì tún un dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí èyí bá kọ̀ nínú aṣálẹ̀, kì í ṣe sípánà ló máa bèèrè, kọ̀ǹpútà ni. Ṣé ràkúnmí lẹ máa bẹ̀ kó wá bá yín wò ó?"

Èkejì ti bá àwọn ológun ṣiṣẹ́ rí. Táyà rẹ̀ ga dé àyà ènìyàn, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń yí, odò tó bá sì mu ènìyàn dé ìbàdí kò ju omi ìṣansẹ̀ lọ lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọkọ̀ panápaná, pupa fòò. Ó ti dàgbà lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kò pọ̀. Inú ilé ni ó ti ń sùn ní gbogbo ayé rẹ̀, ìgbà tí ilé onílé bá ń jó nìkan ni ó ń jáde. Òun náà lè fi gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ fa ara rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Kò ga púpọ̀, nítorí ẹni tó ń sáré lọ pa iná kò ráyè gun àjà.

Ibí yìí ni Gúnrégé ti ṣe àṣìṣe tí káfíńtà nìkan lè ṣe. Ó yọ lẹ́fẹ́lì rẹ̀, irinṣẹ́ tí omi inú gíláàsì rẹ̀ a máa sọ bí nǹkan bá tẹ́jú tàbí bí ó bá fì, ó sì gbé e lé orí ṣásì, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró. Ti ọkọ̀ ológun tẹ́jú. Ti ọkọ̀ panápaná náà tẹ́jú. Orí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú ni wọ́n kúkú dúró sí.

Mẹ́káníìkì yí gèdú kan wá, ó wa ọkọ̀ panápaná kí táyà iwájú rẹ̀ kan lè gùn ún. Ó ní, "Ẹ wá tún lẹ́fẹ́lì yín gbé lé e báyìí."

Ṣásì náà ti lọ́. Iwájú rẹ̀ ń wo ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ ń wo òsì, bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn tó yí ọrùn láìyí ìdí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ológun: egungun tirẹ̀ nípọn bí ìtì igi, táyà nìkan ló gbéra, ara rẹ̀ kò mira.

"Èyí ni mò ń fẹ́," ni Gúnrégé wí, ó fọwọ́ lu ti ológun.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń lọ́ yẹn, kì í ṣe àrùn. Bí kò bá lọ́ ló máa kán. Ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ máa fi gbé ilé yín lé e, kí ìsàlẹ̀ máa lọ́ kí òkè máa wò ó."

"Mi ò kọ́lé sórí ohun tó ń mì bẹ̀ǹbẹ̀."

"Ẹ kì í gbàmọ̀ràn."

"Mo ti gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹbí yín, o tún fẹ́ kí n gba ìmọ̀ràn?"

Mẹ́káníìkì yí gèdú rẹ̀ kúrò. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá ohun tó ń mì jà, kì í ṣe ní àgbàlá ọkọ̀ ni a ti lè mú un bá a rẹ́. Wọ́n bá ẹni tó ni àgbàlá sọ̀rọ̀, ó sì gbà kí wọ́n wa ọkọ̀ ológun lọ sílé kí aya Gúnrégé fojú rí i, kí wọ́n tó sanwó.

Agbẹ̀bí jáde. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó fi ọwọ́ kan táyà rẹ̀ bí ó ti máa ń fi ọwọ́ kan ikùn aláboyún, ó wá dúró lábẹ́ ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn irin tó rẹlẹ̀ jù lára rẹ̀ bá a ní ìbàdí. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì. Ó kù díẹ̀. Ó ní kí òun gbé ọ̀tún. Orúnkún dáhùn fún un pé irọ́ ni.

"Ọkọ̀ yín lẹ́wà," ni ó wí. Ó wọlé lọ.

Gúnrégé kò bínú. Ìṣòro tí igi lè yanjú kì í ṣe ìṣòro lójú rẹ̀. Ó wọ ìsọ̀, nígbà tí ó sì jáde, ó gbé àtẹ̀gùn igi kan dání tí a kò rí irú rẹ̀ rí ládùúgbò: kò ní ìṣó kankan lára, igi bọ inú igi, ó ní ọwọ́ ìdìmú, ó sì fúyẹ́. Ó gbé e ti ọkọ̀. Aya rẹ̀ gùn ún láìmí hẹlẹhẹlẹ, ó jókòó nínú ọkọ̀, ó wo òpópónà láti òkè bí ọbabìnrin.

"Ó dáa o. Ọwọ́ yín dáa."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i. Ta ni á máa gbé e sílẹ̀ fún mi?"

"Èmi náà ni."

"Ta ni á máa gbé e wọlé tá a bá fẹ́ lọ?"

"Èmi."

"Tí àyà bá wá ń dùn yín lóru, tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn níbẹ̀, tó jẹ́ èmi ni mo máa bọ́ọ́lẹ̀ wá ènìyàn ńkọ́?"

Gúnrégé ní, "Olúwa má jẹ̀ẹ́!"

"Àmín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun nìyẹn, Bàbá wọn. Kí n tó wo aláboyún, ilẹ̀kùn yàrá ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n mọ ibi tá a máa gbé e gbà bí wàhálà bá dé. Ẹ gbé àtẹ̀gùn yẹn kúrò ná."

Ó gbé e kúrò. Aya rẹ̀ yí ìdí sí ìta, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń wá nǹkan tí yóò tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, kò rí i. Ó fà á padà. Ó tún nà án. Aládùúgbò kan tó ń sá aṣọ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ wò ó," ni agbẹ̀bí wí láti òkè, kò gbé ohùn sókè rárá. "Àpò sìmẹ́ǹtì ti dé."

Gúnrégé gbé àtẹ̀gùn padà. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ní ọbẹ̀ wà lórí iná. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ yìí ni Gúnrégé yàn, ó mọ̀ pé òun nìkan ni yóò rí òkun.

Ó jókòó nínú ìsọ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó gé igi pẹlẹbẹ kan, ó sì gbé e wọ ilé ìdáná lọ.

"Wá dúró ti ẹnu ọ̀nà yìí. Gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ. Ibi tí kò bá ti dùn ọ́ mọ́ ni kí o dá a dúró."

"Ṣé wọ́n tún ń wọn ènìyàn ni?"

"Gbé e, jọ̀ọ́."

Ó gbé e. Kò ga tó bí Gúnrégé ti rò. Ó fi ọ̀bẹ kọ igi náà sí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ dúró sí. Bí ó ti ń nàró ni ojú rẹ̀ bá àpótí kékeré kan lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí òun fúnra rẹ̀ kàn mọ́ ògiri ní ọdún tí wọ́n kó wọlé. Kọ́bọ́ọ̀dù náà gún régé. Orí àpótí yẹn ni aya rẹ̀ sì ti ń gùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o, láti ọdún náà wá. Ògiri ni ó wọ̀n lọ́jọ́ náà, kò wọn ẹni tí yóò máa ṣí i. Ó gbé igi rẹ̀ jáde.

Nígbà tí wọ́n dá ọkọ̀ ológun padà, ẹni tó ni àgbàlá rí igi lọ́wọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alàgbà, lọ́jọ́sí omi inú gíláàsì lẹ gbé wá, lónìí igi ni. Ṣé ẹ fẹ́ na ọkọ̀ mi ni?"

"Bí wọ́n bá gbọ́ràn, n ò ní nà wọ́n."

Ó ń gbé igi náà ti àtẹ̀gùn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó kọ rẹlẹ̀ sí gbogbo wọn, àfi ti panápaná. Àtẹ̀gùn tirẹ̀ rẹlẹ̀ sí ojú ọ̀bẹ náà ní ìwọ̀n ìka kan. Gúnrégé wò ó lọ wò ó bọ̀. Ó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ṣásì tó ń lọ́. Ó wojú yíká bí ẹni tí ń wá àwáwí, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àgbàlá náà. Ọkùnrin náà jókòó lórí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó gbé ka orí òkúta wẹ́wẹ́ págunpàgun, ó ń tòògbé, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì. Àpótí kò mì.

Gúnrégé ti kan irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó ogún, tó ọgbọ̀n. Kò sí káfíńtà tí kò mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í bi ilẹ̀ léèrè kí ó tó jókòó. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ mẹ́ta la máa fi gbé ilé náà lé e: méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, kí ti iwájú lè máa yí. Ìsàlẹ̀ á máa lọ́, òkè kò ní mọ̀."

Mẹ́káníìkì ju sípánà sílẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí! Ṣebí ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí nìyẹn!"

"O sọ ọ́ bíi mẹ́káníìkì. O ò sọ ọ́ bíi káfíńtà."

Ọkọ̀ panápaná ni wọ́n wà wálé. Agbẹ̀bí tún jáde, ó tún rìn yí i ká. Ó di irin ẹnu ọ̀nà mú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó fa ọ̀tún tẹ̀lé e, ó sì jókòó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó fa ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà kò dé dáadáa, ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ọwọ́ Gúnrégé bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó dúró nílẹ̀, igi ìwọ̀n ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò tíì ṣẹ́ ẹ sínú iná, nítorí ó ń rò ó pé ara igi náà ni bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀ yóò ti gba gíga rẹ̀.

Aya rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ máa gòkè wá ni, àbí kí n wá gbé yín?"